Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ wa: ẹ dá àwọn ọmọ wa padà sí ìlà kẹta

Sí Alága, Akọ̀wé àti gbogbo ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní ìlú wa níhìn-ín ní New Zealand.

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà. Ọmọ ẹgbẹ́ ni mí, mi ò jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́ rí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì wá bá mi sọ àbígbẹ̀yìn mi lórúkọ. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí síta ni pé ìta gbangba lẹ̀yin náà ti sọ̀rọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, akọ̀wé fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí WhatsApp. Ohun méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ ní ijó Màórì, ìyẹn ijó àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ New Zealand, tí àwọn ọmọ wa mẹ́rin fẹ́ jó níbi ayẹyẹ òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ti kúrò nínú ètò. Ẹ tún ní kí gbogbo òbí tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kapa haka, ìyẹn ẹgbẹ́ orin àti ijó Màórì, ní ilé-ìwé lọ yọ ọ́ kúrò, nítorí pé ìbọ̀rìṣà ni, pé yíyọ ahọ́n àti kíkọ ilà sí àgbọ̀n kò yẹ ọmọbìnrin Yorùbá, àti pé ọmọ tí ò tíì mọ ijó bàtá kò ní ohun tó ń wá nínú ijó Màórì. A ò ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ò pe ẹnikẹ́ni nínú àwa òbí mẹ́rin tó kàn. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, òbí méjì ti yọ ọmọ wọn.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, wà nínú àwọn mẹ́rin náà. Mi ò yọ ọ́, mi ò sì ní yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀.

1. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọmọ náà ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí a dé ìlú yìí. Nílé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ní ilé-ìwé, odindi táàmù kan ni kò fi la ẹnu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ pè mí láti béèrè bóyá etí ọmọ náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Etí rẹ̀ ń gbọ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kàwé sókè ni àwọn ọmọ kan fi ohùn rẹ̀ ṣe ẹ̀rín, láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn yẹn mọ́.

Ní ọdún tó kọjá, kaiako, ìyẹn ìyá olùkọ́ tó ń darí kapa haka, ní kó wá dúró ní ìlà kẹta. Kapa ni ìlà, haka ni ijó. Àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ogójì, ọ̀pọ̀ orin wọn ni gbogbo wọn sì jọ ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn ọmọ mi wọ inú ohùn àwọn yòókù, kò sí ẹni tó lè fa tirẹ̀ yọ láti fi ṣe ẹ̀rín. Nǹkan mìíràn tún wà tí èmi gan-an ò ronú kàn tẹ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ Màórì kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti Yorùbá. Ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀ lórí Gẹ̀ẹ́sì ló wá ń pe ọ̀rọ̀ Màórì ketekete, tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ń ní kó tún un pè kí àwọn gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó mú poi wálé. Bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n so mọ́ okùn ni poi. Láyé àtijọ́, ewé raupō tó ń hù ní ẹ̀bá omi ni wọ́n fi ń ṣe é. Fóòmù tí wọ́n fi ọ̀rá funfun wé ni tọmọ mi, òun fúnra rẹ̀ ló sì di okùn rẹ̀ ní ìdì mẹ́rin, òwú dúdú méjì, òwú pupa méjì. Ní gbogbo alẹ́, yóò bọ́ bàtà, yóò dúró sáàárín fíríìjì àti tábìlì, yóò máa fì í. Yóò fì í sọ́tùn-ún, yóò gbé e kọjá èjìká, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbà á, pá, yóò dá a padà. Ó ń ka òǹkà sẹ́nu: tahi, rua, toru, whā. Ìró "pá" yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí pé nígbà tí ogún ọwọ́ bá ń fì poi, ìró kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ dún. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ pọ́n. Mo ní kó wá jẹun, ó ní, "Mọ́mì, ó ku díẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ọ." Mo dúró ti ìkòkò àmàlà tí mò ń fọ̀, omi ń dà lọ, mo ń gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń wá ìró kan.

Ọjọ́ tí wọ́n jó níwájú gbogbo ilé-ìwé, mo gbààyè lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n wọ piupiu, yẹ̀rì tí wọ́n fi ewé harakeke ṣe, tí ewé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ká roboto bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ogójì ọmọ bá mi ìdí lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń dún ṣàràṣàrà bí ìgbà tí wọ́n ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi gbé àgbọ̀n sókè, ó la ojú, òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀, ó sì ń kọrin débi pé iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Nígbà tó parí, ó sáré wá bá mi, kò tilẹ̀ tíì mí dáadáa. Kò béèrè bóyá òun jó dáadáa. Ohun tó béèrè ni, "Ṣé ẹ gbọ́ ohùn mi?"

Mo gbọ́ ọ. Ohun tí ẹ ní kí n lọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

2. Ẹ ní ìbọ̀rìṣà ni. Ìbéèrè ẹ̀sìn kì í ṣe ìbéèrè tí à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ wa ní Kristẹni, ó ní Mùsùlùmí. Èmi náà béèrè. Mo mú ìwé àti kálàmù lọ bá kaiako, mo ní kó sọ ìtumọ̀ orin kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́nu ọmọ mi fún mi. Ó fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ jókòó tì mí. Ọ̀kan jẹ́ mōteatea, orin àtayébáyé: wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ti lọ, wọ́n ń ka orúkọ ibi tó rìn kọjá. Ọ̀kan ń sọ pé kí a má ba omi odò jẹ́. Èyí tí wọ́n ń fì poi sí, orin ìkíni fún àlejò ni. Ẹ̀kẹrin jẹ́ orin ìyìn sí Ọlọ́run tí wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹbọ níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ń wólẹ̀ fún. Àdúrà kúkúrú kan wà tí wọ́n ń pè ní karakia kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi, ó sì ní ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fẹ́ kó gbà á lè dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi í.

Òótọ́ ni pé ìtàn kan wà nídìí gbígbọ̀n ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní wiri. Wọ́n ní oòrùn, Tama-nui-te-rā, fẹ́ Hine-raumati, obìnrin ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì bí Tānerore. Tānerore ló ń jó fún ìyá rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbígbóná fi máa ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá ti dúró lójú títì Abẹ́òkúta ní aago méjì ọ̀sán nínú ẹ̀ẹ̀rùn ti rí ijó náà rí: ọ̀nà a máa gbọ̀n bí ẹni pé omi wà lórí ọ̀dà. Ìtàn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ọdún 9 láti mọ bí yóò ṣe gbọ̀n ìka ọwọ́. Àwa náà ti pa àlọ́ fún ọmọ rí.

Ẹ wo èyí náà. Ìjọ àwọn míṣọ́nnárì kan náà, CMS, ló gbé ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ Màórì àti ọ̀dọ̀ wa. Samuel Marsden wàásù ní Bay of Islands lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1814, CMS sì fìdí múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Odindi Bíbélì Màórì jáde ní 1868, tiwa jáde ní 1884. Àwọn tí ẹ ń pè ní abọ̀rìṣà ti ń ka Bíbélì lódindi lédè wọn fún ọdún mẹ́rìndínlógún kí tiwa tó pé.

3. Ẹ ní yíyọ ahọ́n kò yẹ ọmọbìnrin Yorùbá. Àwọn ọkùnrin ló sábà máa ń yọ ahọ́n nínú haka, whetero ni wọ́n ń pè é. Ojú lílà, pūkana, ni obìnrin máa ń ṣe. Ẹ tún sọ̀rọ̀ nípa ilà àgbọ̀n. Moko kauae, ìyẹn ilà àgbọ̀n náà, jẹ́ ti obìnrin tí ìran rẹ̀ ni ín, ìdí nìyẹn tí kaiako kò fi kọ ọ́ sí àgbọ̀n ọmọ mi, tó sì ṣàlàyé fún gbogbo àwọn ọmọ pé ohun ìdílé ni. Àgbọ̀n ọmọ mi mọ́ tónítóní lọ́jọ́ ijó náà. Ká ní ẹ pè mí ni, ǹ bá ti fi fọ́tò hàn yín. Àwọn Màórì kì í fi ohun ìní wọn ṣeré. Haka tí ẹgbẹ́ rọ́gbì orílẹ̀-èdè yìí sọ di olókìkí káàkiri ayé, èyí tí Te Rauparaha, olóyè Màórì kan, dá sílẹ̀ ní nǹkan bí 1820 lẹ́yìn tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀, wọ́n ṣòfin lé e lórí ní 2014 kí ayé lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀yà rẹ̀, Ngāti Toa, ló ti wá. Àwa tí à ń ráhùn pé wọ́n ń jí ìlù wa àti aṣọ wa lò ní àríkọ́gbọ́n níbẹ̀.

4. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti dùn mí jù ni ti ijó bàtá.

Kí wọ́n tó kọ́ àwọn ọmọ ní orin kejì, kaiako ní kí kálukú lọ mú pepeha rẹ̀ wá látilé. Bí Màórì ṣe ń sọ ẹni tí òun jẹ́ ni pepeha. Kì í fi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ òkè rẹ̀, yóò sọ odò rẹ̀, yóò sọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn baba ńlá rẹ̀ dé àti ẹ̀yà rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn. Ọmọ mi wọlé, kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi ní, "Mọ́mì, kí ni òkè wa?"

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Abẹ́ Olúmọ ni wọ́n bí mi sí. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ yìí ti wà láyé, mi ò sì tíì sọ orúkọ òkè náà fún un rí.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni níhìn-ín, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni lọ́dọ̀ ìyá mi. A pè wọ́n. Ọmọ náà bi wọ́n pé, "Ìyá àgbà, kí ni òkè wa? Kí ni odò wa?" Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sí oríkì. Olúmọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n bá odò Ògùn lọ, wọ́n dárúkọ Lísàbí, wọ́n wọ inú oríkì baba wọn, wọ́n sì fi oríkì ọmọ náà gan-an parí rẹ̀, èyí tí mi ò pè é rí láti ìgbà tí a ti kúrò nílé. Omi bọ́ lójú mi. Ọmọ náà kò sunkún, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, mo fẹ́ gbà á sílẹ̀." Ó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù mi, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ ọ sórí. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń fi ọjọ́ Sátidé kọ́ ọ ní Yorùbá, ibi a, b, d la ṣì wà. Lónìí, ó ń sọ pepeha rẹ̀ ní èdè Màórì, Olúmọ àti Ògùn sì wà nínú rẹ̀ ketekete. Bó bá sọ ọ́ tán, yóò ki ara rẹ̀ ní Yorùbá, níwájú ogójì ọmọ tí wọn ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì dákẹ́ gbọ́ ọ dópin. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe níbi ayẹyẹ yín gan-an nìyẹn: poi, pepeha, lẹ́yìn náà oríkì ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìṣẹ́jú méje ni. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó wò ó.

Ẹ ní ọmọ náà ò mọ bàtá. Kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ló ti ń bi mí léèrè níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, mi ò sì rí èsì fún un. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí. A ti ra aṣọ ẹgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, a ti gba gbọ̀ngàn, a ti gba ẹni tó ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù. A ò tíì fi wákàtí kan kọ́ ọmọ kankan ní ijó, orin tàbí oríkì. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, èmi náà sì wà nínú àwọn tó jẹ̀bi, nítorí mo jókòó nínú àwọn ìpàdé yẹn, mi ò sọ̀rọ̀.

5. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn ibi tí à ń gbé. Òfin ilé-ìwé ọdún 1867 sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Màórì, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì ń na ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ọgbà ilé-ìwé. Ó di 1972 kí àwọn ọ̀dọ́ wọn tó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ènìyàn tó lé ní 30,000 fọwọ́ sí lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní 1982, wọ́n dá kōhanga reo sílẹ̀, ilé ìtọ́jú ọmọdé tí èdè Màórì nìkan ti ń dún. Ní 1987, òfin sọ èdè náà di èdè ìjọba. Ní gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé fi kọ èdè náà, orin àti ijó wà lára ohun tí kò jẹ́ kó kú lẹ́nu. Àrùn gágá ọdún 1918 pa òbí ọ̀pọ̀ ọmọ. Te Puea Hērangi, obìnrin aṣáájú kan láàárín àwọn Màórì, gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ òrukàn tọ́. Ní àwọn ọdún 1920, ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n ń jó poi àti haka kiri ìlú dé ìlú, owó tí wọ́n rí ni wọ́n fi ń kọ́ ilé sí Tūrangawaewae ní Ngāruawāhia. Ilé náà wà níbẹ̀ dòní.

Ní ilé-ìwé tí mo lọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Mo san án. Mo rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń dúró sí mi lọ́fun tí n óò kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì. Mi ò retí pé Yorùbá bíi tèmi ni yóò ránṣẹ́ pé kí ọmọ mi pa ẹnu rẹ̀ dé.

6. Àlejò ni wá lórí ilẹ̀ yìí. Ọjọ́ tí wọ́n gba àwa ìdílé tuntun sí ilé-ìwé náà, wọ́n ṣe pōwhiri fún wa: obìnrin kan fi ohùn pè wá wọlé, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọrin ti ọ̀rọ̀ wọn. Ó kan wá. Àṣà wọn ni pé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún àlejò bá parí, àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò dìde kọrin lẹ́yìn rẹ̀. Àwa ọmọ Yorùbá márùn-ún la wà níbẹ̀, a wo ara wa lójú, kò sí ẹni tó gbé orin. Ìyá kan tó jẹ́ ará Sàmóà ló dìde tó kọrin fún wa. Ojú tì mí dé egungun. Lóṣù tó kọjá, àlejò dé ilé-ìwé, ọmọ mi sì wà lára àwọn tó kọrin kí wọn káàbọ̀. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí ó dìde.

7. Ní ti àwọn tó ní yóò dí ìwé lọ́wọ́, kí wọ́n mọ̀ pé Te Ao Haka jẹ́ ẹ̀kọ́ ìdánwò ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì orílẹ̀-èdè yìí, ó sì wà lára ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lò fún wíwọ yunifásítì. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ohun tí mò ń béèrè nìyí.

Kí ẹ kọ́kọ́ fa ìwé ọjọ́ Àìkú yẹn padà, lórí WhatsApp kan náà tí ẹ fi ránṣẹ́, kí àwọn òbí méjì yẹn lè rí ẹnu dá ọmọ wọn padà. Wọ́n ń bẹ̀rù yín, wọn ò sì ní sọ ọ́ fún yín.

Kí ẹ dá ìṣẹ́jú méje àwọn ọmọ náà padà sínú ètò. Bí ẹ bá ṣì ń kọminú, ẹ wá wo ìdánrawò kan. Kaiako ti ní kí ẹ máa bọ̀, yóò sì ka ìtumọ̀ orin kọ̀ọ̀kan fún yín bó ṣe kà á fún mi.

Kí ẹ pe àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí àgbà kan nínú yín sì sọ fún wọn pé wọn ò ṣẹ̀. Ọmọ mi bi mí lálẹ́ ọjọ́ Ajé bóyá ó yẹ kí òun fi poi òun pamọ́ bí Bàbá Alága bá wá kí wa. Ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dàgbà nínú rẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ni fún àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ Sátidé: oríkì, orin, ìlù, ijó. Mo ti rí gbọ̀ngàn kékeré kan tí ilé ìkàwé àdúgbò ń yá ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ fún wákàtí méjì. Bàbá kan láàárín wa mọ dùndún lù, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n gbà. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ń pàdé ní Polyfest, àjọ̀dún orin àti ijó ìbílẹ̀, ní Auckland, láti ọdún 1976 tó ti bẹ̀rẹ̀ ní Ōtara, orí ìtàgé kan sì wà níbẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà mìíràn. Ọdún mẹ́rin ló kù kí ọmọ mi tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ọdún mẹ́rin tó láti kọ́ bàtá.

Mò ń retí èsì yín kí ó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́rú aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe ìdánrawò. Mo wà níbẹ̀ lánàá. Àyè méjì ṣófo ní ìlà kẹta, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọmọ mi, ọ̀kan lósì rẹ̀, kaiako kò sì jẹ́ kí àwọn yòókù sún mọ́ra. Ó ní òun yóò fi àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí táàmù yóò fi parí.

Èmi ni tiyín,
ìyá ọmọ kan nínú àwọn mẹ́rin náà